Ìsọfúnni púpọ̀ lórí máàpù kan ṣoṣo: báwo ni a ṣe lè tò ó tí ojú máàpù kò fi ní há?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni wá ní Yábàá, a sì ń ṣe máàpù kan fún àwọn ará àdúgbò láti Ọ̀yìngbò títí dé Bárígà, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lè mọ ibi tí ó súnmọ́ ọn jù láti rí ìtọ́jú. A kó ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni jọ, a kó àwọn kẹ́míìsì jọ, a sì fi ibùdókọ̀ kún un, nítorí kí ni àǹfààní kí ènìyàn mọ ilé ìwòsàn tí kò mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibẹ̀? Lẹ́yìn náà ni àwọn kan nínú wa ní kí a fi àwọn òpópónà tí àgbàrá òjò máa ń dí sí i, kí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn má baà há sínú omi.

Orí uMap, ìkànnì tí a ti ń ṣe máàpù tí ó ń lo dátà OpenStreetMap (máàpù ayé tí àwọn olùkópa jọ ń kọ), ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìṣòro wa ni pé bí a bá ṣí i lórí fóònù, àmì ti bo Yábàá mọ́lẹ̀, orúkọ ń gun orí orúkọ, ènìyàn kò sì lè rí òpópónà tí ó wà lábẹ́ wọn mọ́. Kò sí èyí tí a fẹ́ yọ dànù nínú wọn, nítorí kò sí èyí tí kò wúlò fún ẹnì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ràn ràn wá lọ́wọ́.

Ayàwòrán-Ilẹ̀, Sùúrùlérè

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ṣí máàpù yín wò lórí fóònù kí n tó dáhùn. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ohun tí ẹ ní ni ẹ fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbogbo ibi, fún gbogbo ènìyàn. Ìyá aláṣọ ní Balógun kì í tú gbogbo aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà tó sọ ohun tí ó ń wá. Yóò fi díẹ̀ kọ́ síta, ìyókù yóò wà nínú ilé, yóò sì mú un jáde nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹ kò nílò láti yọ ohunkóhun kúrò nínú dátà yín. Èyí tí ẹ ní láti pinnu ni ohun tí yóò hàn bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí máàpù, ohun tí yóò yọjú bí ó bá fà á súnmọ́, àti ohun tí yóò dúró títí ìka yóò fi kan àmì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, nítorí ìṣirò ni ó máa ń parí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpele ni a pín ìsúnmọ́ máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ní ìpele 0, gbogbo ayé wà nínú táìlì kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán onígun mẹ́rin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì (ẹyọ àmì tíntìntín ojú fóònù) 256, bí a bá sì ti ń gun ìpele kọ̀ọ̀kan ni fífẹ̀ yẹn ń di ìlọ́po méjì. Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ní ìpele 14 píksẹ́lì kan dúró fún nǹkan bíi mítà 9.5 lórí ilẹ̀, ní ìpele 16 sì rèé, nǹkan bíi mítà 2.4 ni. Google dámọ̀ràn pé kí ohunkóhun tí a fẹ́ kí ènìyàn fi ìka tẹ̀ tó ìwọ̀n 48 (ìwọ̀n tí a lè kà sí píksẹ́lì máàpù yìí) ní gígùn àti ní fífẹ̀. 44 ni Apple ní tirẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí a ń lò kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 360 lọ ní irú ìwọ̀n yẹn. Èyí túmọ̀ sí pé àmì méje péré ni ó lè tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n má gun ara wọn. Ní ìpele 14, àmì kan ṣoṣo yóò ti gba àyè tí ó tó nǹkan bíi mítà 450 lórí ilẹ̀. Ẹ wá ro iye kẹ́míìsì tí ó wà láàárín mítà 450 ní òpópónà Herbert Macaulay.

Nítorí náà, ẹ pín wọn sí léyà, ìyẹn ìpín dátà tí a lè tàn tàbí pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fún léyà kọ̀ọ̀kan ní ìpele tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn. uMap ní ibi tí a ti ń kọ èyí nínú ètò léyà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ èmi, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba nìkan ni yóò hàn títí dé ìpele 13. Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé yóò yọ ní 14, ti aládàáni ní 15, kẹ́míìsì àti ibùdókọ̀ ní 16, níbi tí fífẹ̀ ojú fóònù kò ti kó ju nǹkan bíi mítà 860 ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bọ́ sórí MapLibre, ètò máàpù mìíràn tí a fi kóòdù ṣe, lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí pé táìlì 512 ni ó ń lò, nítorí náà ìpele 13 tirẹ̀ ni 14 tí mo ń wí yìí.

Nọ́ọ̀sì, Èbúté-Mẹ́ta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán-Ilẹ̀ fún ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí ohun kan kí a tó pín wọn ní ńlá àti kékeré. Ìgbóbì jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, egungun sì ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábàá fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ náà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá. Bí máàpù bá fi àgbélébùú pupa kan náà hàn fún Ìgbóbì, fún ti Yábàá, fún LUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó) ní Ìdí-Àràbà àti fún Federal Medical Centre tí ó wà ní Èbúté-Mẹ́ta, ìyá tí ibà ń bá ọmọ rẹ̀ jà ní òru yóò tẹ̀lé èyí tí ó súnmọ́ ọn jù, yóò sì dé ibi tí kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Máàpù tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí ó ṣi ènìyàn lọ́nà kò ṣe wá láǹfààní.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi wá lẹ́nu iṣẹ́ kò pọ̀. Wọ́n ń béèrè pé ta ni ó ṣí lóru. Wọ́n ń béèrè ibi tí aboyún lè bímọ sí. Wọ́n ń béèrè ibi tí a ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí oògùn kan báyìí rà. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè mẹ́rin yìí di bọ́tìnnì mẹ́rin lókè máàpù. Bí ènìyàn bá tẹ "Ó ṣí lóru", kí gbogbo èyí tí kò ṣí lóru pòórá. Mo gbàgbọ́ pé àmì tí yóò ṣẹ́kù kò ní tó èyí tí yóò há.

Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tí Nọ́ọ̀sì sọ ṣeé ṣe lórí uMap láìkọ kóòdù, nítorí ó ní ibi tí a ti lè yan àwọn ojú-ìlà dátà (ibi tí a ń kọ irú ìsọfúnni kan sí fún àmì kọ̀ọ̀kan) tí òǹlò lè fi sẹ́ àmì, kí èyí tí ó fẹ́ nìkan ṣẹ́kù. Bí ẹ bá ní ojú-ìlà kan tí ń jẹ́ "òru", tí ẹ sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí gbogbo ilé ìwòsàn, yóò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dátà wà létòlétò: bí ẹnì kan bá kọ "24 hours", tí ẹlòmíràn kọ "gbogbo ìgbà", tí ẹnì kẹta sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kò sí àsẹ́ tí yóò dá wọn mọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí kò tíì sí ẹni tí ó mẹ́nu bà ni kí a dì àwọn àmì tí wọ́n súnmọ́ ara wọn pọ̀ sí àmì roboto kan tí ó gbé nọ́ńbà. Leaflet, ètò kóòdù tí a fi ń gbé máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni uMap ń lò lábẹ́, àfikún Leaflet kan sì wà tí wọ́n ń pè ní markercluster tí ó ń ṣe èyí. Bí a kò bá yí i padà, àwọn àmì tí ó bá wà láàárín píksẹ́lì 80 ni yóò kó jọ. A lè dín in kù, a sì lè ní kí ó jáwọ́ nínú dídì wọn bí a bá ti dé ìpele kan. Mo rò pé kí gbogbo kẹ́míìsì wà nínú irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì tú ní ìpele 16.

Oníṣòwò, Ìdúmọ̀tà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí ní Erékùṣù Èkó lórí ọ̀rọ̀ ìdìpọ̀ yìí, nítorí àwa gan-an ni ibi tí nǹkan ti há jù. Ilé alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ilé ọjà níhìn-ín, ṣọ́ọ̀bù sì kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gbogbo wọn ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà. Bí ẹ fa máàpù súnmọ́ títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìdìpọ̀ náà kò ní tú, nítorí ojúkan náà ni gbogbo àmì wà. Ohun tí oníbàárà tó dé Ìdúmọ̀tà yóò rí ni "63" nínú roboto kan, nọ́ńbà yìí kò sì sọ fún un bóyá oògùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ni tàbí aago.

Ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé, àjà tí yóò gùn dé, àti nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ní ilé bẹ́ẹ̀ ní Yábàá (mo sì mọ̀ pé àwọn ilé ọjà Tẹ́júoṣó kò yàtọ̀), ẹ má ṣe fi àmì kọ̀ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àmì kan fún ilé náà, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà gan-an, kí ẹ má gbé e sí àárín òrùlé. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, kí àkọsílẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù jáde ní àjà-àjà. Ìsọfúnni rẹpẹtẹ ti wọlé, àmì kan ṣoṣo ni ó sì wà lórí ilẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà

Òótọ́ ni ẹ sọ, bàbá. Markercluster ní ọgbọ́n kan fún irú ibẹ̀: bí a bá dé ìpele tó kẹ́yìn tí ìdìpọ̀ kò sì tú, títẹ̀ ẹ́ yóò jẹ́ kí àwọn àmì náà na ẹsẹ̀ jáde yí ojúkan náà ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ó dára fún àmì mẹ́rin sí mẹ́wàá. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ ní àjà-àjà tí ẹ dábàá yìí sàn jù.

Ayàwòrán-Ilẹ̀, Sùúrùlérè

Mo gbà pẹ̀lú Oníṣòwò. Mo tún fẹ́ fi ohun kan kún un tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú lọ, ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín fífi nǹkan pamọ́ tí òǹlò mọ̀ àti fífi nǹkan pamọ́ tí òǹlò kò mọ̀.

Àwọn ètò máàpù òde òní bíi MapLibre máa ń yẹra fún ìforígbárí fúnra wọn: bí orúkọ méjì bá fẹ́ gun ara wọn, wọn yóò fi ọ̀kan hàn, wọn yóò sì pa èkejì mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú máàpù yóò mọ́, inú ayàwòrán yóò dùn, ṣùgbọ́n ibùdó ìlera kan ní Ìwáyà ti lè pòórá nítorí pé orúkọ ilé oúnjẹ kan gùn. Ẹni tí ó ń wo máàpù yóò rò pé kò sí ibùdó ìlera níbẹ̀ rárá. Lórí máàpù ilé oúnjẹ, kò sí ìjàǹbá ńlá nínú èyí. Lórí máàpù aláìsàn, ó lè ná ènìyàn ní ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún un ni kí a ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ rẹ̀. Kí gbogbo ibi ìtọ́jú ní ojú àmì kékeré kan, tí kò ju píksẹ́lì mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, tí yóò máa hàn nígbà gbogbo bí a bá ti dé ìpele tí léyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ nìkan ni kí ó máa fara pamọ́ bí àyè kò bá sí. MapLibre ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ text-optional tí ó ń ṣe èyí gan-an: ó jẹ́ kí àmì dúró bí orúkọ rẹ̀ kò bá rí àyè. Symbol-sort-key sì ni a fi ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba àyè. Nọ́ńbà tí ó bá kéré jù ni ó ń ṣíwájú. Ẹ fún èyí tí ó ṣí lóru ní 1, kí ẹ fún èyí tí ń ṣí ní ọ̀sán nìkan ní 2. Lórí uMap, ẹ lè ṣe ohun tí ó jọ ọ́ nípa lílo àmì roboto kékeré dípò àmì onígi ńlá tí ó máa ń kọ́kọ́ fún yín, kí orúkọ sì hàn nígbà tí ènìyàn bá tẹ àmì nìkan.

Ìtàn Màkókò kọ́ wa nípa èyí. Fún ìgbà pípẹ́, àlàfo ni ọ̀pọ̀ máàpù fi hàn ní ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń gbé lórí omi níbẹ̀, títí tí Code for Africa àti àwọn alájọṣe wọn fi gbé dúróònù síta ní nǹkan bí ọdún 2019, tí wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò náà ní iṣẹ́ ọ̀hún, tí àwọn ilé àti ojú omi tí wọ́n ń tukọ̀ gbà sì bọ́ sórí OpenStreetMap. Bí ìmọ́tótó máàpù wa bá tún sọ Màkókò di àlàfo, a ti ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn yẹn jẹ́.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, Ṣómólú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àmì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ ń fi àmì lé. Àwòrán sátẹ́láìtì ni Akọ̀wé fi sí abẹ́ máàpù náà. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà, igi, ọkọ̀, òjìji ilé, gbogbo rẹ̀ ń bá àmì yín jà fún ojú òǹwòye. Ẹ yí i padà sí máàpù aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ bíi Positron ti CARTO, tí ó ń fi òpópónà àti etí omi hàn láìpariwo. Èyí nìkan yóò mú ìdajì ìṣòro yín kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan léyà kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òrùlé lè tẹ bọ́tìnnì kó yí i padà.

Lórí àwọ̀, ẹ má ṣe kọjá márùn-ún. Kí ìrísí àmì sì máa yàtọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn wà tí ojú wọn kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin. ColorBrewer, tí Cynthia Brewer ṣe ní Amẹ́ríkà, ń fi àwọn àwọ̀ tí ó bára mu hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń sọ èyí tí ó yẹ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti lò ó, àwọ̀ tí ó rẹwà nínú yàrá lè parẹ́ pátápátá ní ibùdókọ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá ni ó jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ fi àmì ìkán omi kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ibi tí omi máa ń dí, ìyẹn ni ó sì pọ̀ jù lórí máàpù yín. Omi kì í dúró ní ojúkan. Ojú ọ̀nà ni ó ń gbà, ẹ̀bá kánàálì ni ó ti ń kún jáde. Ẹ fa ìlà aláwọ̀ búlúù sórí apá òpópónà tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ìlà náà fẹ̀ díẹ̀ ju òpópónà lọ, kí ó sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ òpópónà yóò fi hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan yóò rọ́pò ogún àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àsìkò ṣe é. Òjò Èkó máa ń pọ̀ jù láti oṣù kẹfà sí oṣù keje, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Kí léyà yìí máa wà ní títàn ní àwọn oṣù òjò wọ̀nyẹn, kí ó wà ní pípa ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ sì lè tàn án fúnra rẹ̀ nígbàkúgbà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Yábàá

Ẹ ṣeun, bàbá; ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti yí abẹ́ máàpù padà sí aláwọ̀ eérú, ìyàtọ̀ náà sì hàn kedere. Ìbéèrè tí ó kù lọ́kàn wa ni ti ọkọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ènìyàn ń béèrè pé kí a fi í kún dáńfó, BRT àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Báwo ni a ṣe fẹ́ fi gbogbo ìyẹn sí i tí kò fi ní padà di wúruwùru?

Arìnrìn-àjò, Oṣòdì

Akọ̀wé, ibi tí mo ń gbé ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ní Oṣòdì, ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta ti ìjọba wà ní ìtòsí ara wọn, BRT ń kọjá, ọkọ̀ ojú irin ń dúró, dáńfó ń pe èrò sí gbogbo ìhà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì ń gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ya gbogbo èyí bí ó ṣe rí lórí ilẹ̀, kò sí ìpele tí yóò yé ènìyàn.

Ní London ní ọdún 1933, wọ́n gbé máàpù rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kan jáde tí Harry Beck yà, èyí tí ó pa gbogbo kọ́nà ojú ọ̀nà tì, tí ó sì fi ìlà gbọọrọ àti àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba rọ́pò wọn. Ohun tí èrò inú ọkọ̀ ojú irin nílò ni ìtòtẹ̀léra àwọn ibùdó àti ibi tí yóò ti yí ọkọ̀ padà. Ẹ lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí apá kan, kí ó máa ṣí bí ènìyàn bá tẹ "Ọkọ̀". Ibùdó mẹ́jọ ni Red Line ní: Àgbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Ọ̀yìngbò. Márùn-ún ni Blue Line ní láti Marina dé Máìlì 2. Ibùdó mẹ́tàlá yìí rọrùn láti fi ìlà méjì yà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé irú ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ lé orí máàpù ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú aláìsàn nílò láti mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó ní tòótọ́. Lórí máàpù yẹn, kí ibùdó ọkọ̀ ojú irin máa hàn láti ìpele 12, kí ti BRT tẹ̀lé e ní 14, kí ti dáńfó dúró di 16. Ti kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe yà á rárá, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan pé "Wọ kẹ̀kẹ́ láti ibi báyìí, sọ̀ ní ibi báyìí." Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju àmì kẹ̀kẹ́ ogún lọ.

Olùyọ̀ǹda, Bárígà

Mo ní ohun mẹ́ta kékeré. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ tí ó ń padà wá nínú orúkọ kúrò lójú máàpù: bí àmì bá ti fi hàn pé ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ni ibì kan, "Ìwáyà" tó láti kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ ní kíkún wà nínú àlàyé. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ dán fọ́ǹtì wò ṣáájú, nítorí Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún "ẹ́" tàbí "ọ̀". "Ẹ" tàbí "ọ" àti àmì ohùn ni ó ń so pọ̀, àwọn ètò máàpù kan sì máa ń gbé àmì ohùn náà sí ibi tí kò yẹ, tí orúkọ yóò fi dà bí ẹni pé ó há. Ẹ̀kẹta, bí ó ti wù kí àyè kéré tó, gbólóhùn tí ó fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn olùkópa OpenStreetMap ni dátà ti wá kò gbọdọ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ máàpù. Òfin ìwé àṣẹ wọn ni, ó sì tọ́ sí wọn.

Nọ́ọ̀sì, Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àpótí àlàyé tí ó máa ń ṣí bí ènìyàn bá tẹ àmì, nítorí mo rí i pé ibẹ̀ ni gbogbo wa fẹ́ kó ẹrù tí a kò fẹ́ lójú máàpù sí. Àpótí náà lè há bí máàpù ṣe há. Èyí tí ó wà báyìí ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà. Ènìyàn ní láti fa á lọ sísàlẹ̀ kí ó tó mọ bóyá wọ́n ṣí. Kí ìlà àkọ́kọ́ sọ pé wọ́n ṣí tàbí wọn kò ṣí lóru. Kí ìlà kejì sọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú àti ohun tí wọn kì í tọ́jú. Kí ìlà kẹta sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀ láti ibùdókọ̀ tí ó súnmọ́ ọn. Nọ́ńbà tẹlifóònù ilé ìwòsàn yóò tẹ̀lé e, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí ó má jẹ́ ti dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kankan. Ìyókù lè wà lábẹ́ "Ka sí i".

Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ gbé fóònù fún ìyá kan ní ọjà Ọ̀yìngbò, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń gbóná ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ sì ní kí ó fi ìka han yín ibi tí yóò gbé e lọ. Ẹ má ṣe kọ́ ọ. Ẹ kàn máa wo ibi tí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ lọ àti ibi tí ó ti dúró ronú. Bí ó bá tẹ àmì tí kò yẹ, máàpù ni ó ní láti yí padà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Yábàá

A ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń tún ojú-ìlà "òru" kọ, a sì ti pinnu pé àmì roboto kékeré ni gbogbo ibi ìtọ́jú yóò máa lò. Ohun kan ló kù: àwọn àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa kì í lo fóònù olójú gbọọrọ, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a tẹ máàpù náà sórí ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibùdó ìlera. Orí ìwé kò ní ohun tí a lè tẹ̀ kí ó ṣí. Kí ni a ó ṣe sí ti ìyẹn?

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, Ṣómólú

Ti ìwé rọrùn bí ẹ bá gbà pé máàpù mìíràn ni. Ẹ lo QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ilé ìwòsàn kankan sójú rẹ̀. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sínú roboto, kí àkọsílẹ̀ orúkọ, ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kẹ́míìsì kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá, nítorí wọ́n máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń kógbá wọlé, kí ìwé tó gbó. Ní ìwọ̀n 1:10,000, ìwé A3 yóò gba nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ní òró àti mẹ́ta ní ìbú, nítorí náà ìwé méjì ni yóò gba láti Ọ̀yìngbò dé Bárígà. Atlas inú QGIS yóò gé e fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìwé méjèèjì ní àgbègbè Akọkà nínú, kí ẹni tí ń gbé ní ẹ̀bá ìlà má baà rí ìdajì àdúgbò rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún tí ẹ yẹ dátà náà wò kẹ́yìn sí igun òkè, ní lẹ́tà tí ó tóbi tó kí a lè kà á láti ẹnu ọ̀nà.